Ìbẹ̀rù Kì í Ṣe Tawákálítù



Bí dókítà bá ka ewu iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe sí wa létí, tí ó ní kí á fọwọ́ sí ìwé, a máa ń dáhùn pé: "A ti fi í lé Ọlọ́hun lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí á gbé e lọ sílé." Ǹjẹ́ tawákálítù ni èyí, tàbí ìbẹ̀rù?

Àwa náà ti sọ ọ́ rí ní Jọ́ọ̀sì níhìn-ín, lórí ará wa kan tí òkúta dí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀. Ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde wú kíndìnrín rẹ̀, ó sì di ọyún. Dókítà fẹ́ fi ẹ̀rọ sikáànù wo ibẹ̀, kí ó fi abẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé, kí ó sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ọyún náà sínú àpò. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1955 ni Willard Goodwin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti kọ nípa rẹ̀.

Òótọ́ ni, ewu ń bẹ. Ìtọ̀ a máa pọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì, a sì sábà máa mọ́. Nínú 100 aláìsàn, nǹkan bí 1 sí 4 lè ṣẹ̀jẹ̀ débi tí a ó fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára. Kòkòrò àìsàn lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá níbi tí ọyún bá wà. Rọ́bà lè dí tàbí kí ó yọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí abẹ́rẹ́ kan ìfun.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ka ewu ìrìn àjò sí wa létí? Kíndìnrín tí ó gbọyún lè pa ènìyàn kí mọ́tò tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ewu tí wọ́n kà fún wa ni a ń sá fún. Èyí tí a kò kà, a pè é ní kádàrá.

Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n fún òun ní bírò. Ara rẹ̀ dá. Àmọ́ ká tilẹ̀ ní kò dá, ìmọ̀ràn tiwa ì bá ṣì jẹ́ àṣìṣe, nítorí apá kan ìwọ̀n ni a wò.

Oníṣòwò tí ó bá sọ àbùkù ọjà rẹ̀ kí á tó sanwó, olóòótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni dókítà yìí. Àmánà tiwa ni kí á má fi àgbo tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì pamọ́ fún un, kí á jẹ́ kí aláìsàn gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kí á sì tètè padà bí ibà bá dé, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, tàbí bí rọ́bà bá yọ. Èyí tí ó bá kù lẹ́yìn náà ni ti Ọlọ́hun.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ìlera wa. Àmín.