Ṣé Ẹnì Kan Ṣoṣo Ni Yóò Fi Ẹ̀bà Sílẹ̀?

Ìbéèrè kan wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ṣàgámù, ní Ìkẹ́nnẹ́ àti káàkiri ilẹ̀ Rẹ́mọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà pè é ní ìbéèrè. Bàbá tàbí ìyá kan ti ọsibítù dé. Wọ́n ti sọ fún un pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, tàbí pé ó ti sanra ju bó ti yẹ lọ, pé kí ó dín ẹ̀bà, fùfú, iyán, ìrẹsì àti búrẹ́dì kù gidigidi. Láti ọjọ́ náà lọ, ta ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí kàn? Ṣé ẹni tí ara rẹ̀ kò yá nìkan ni, àbí gbogbo ẹni tí ó ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà?

Ìdáhùn méjì ni mo sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan ní kí oníkálukú máa jẹ tirẹ̀: kí wọ́n bu ẹ̀fọ́ sí abọ́ kan fún bàbá, kí àwọn yòókù sì máa gbé òkèlè wọn mì níwájú rẹ̀. Àwọn kejì fẹ́ràn bàbá débi pé gbogbo ilé di ọlọ́pàá. Ọmọ ń ka ṣíbí tí ó bù, ìyàwó ń tú àpò agbádá wò bóyá búrẹ́dì wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ìdáhùn méjèèjì fi ẹni náà sílẹ̀ ní òun nìkan. Èkíní fi í sílẹ̀ pẹ̀lú òùngbẹ ọkàn rẹ̀, èkejì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Nígbà tí àwọn baba wa ń to oúnjẹ ní ipò-ipò, iyán ni wọ́n pè ní oúnjẹ gan-an, ọkà ni wọ́n pè ní oògùn, ẹ̀kọ wà fún ìgbà tí a kò bá rí nǹkan kan, wọ́n sì fi gúgúrú sí ẹ̀yìn pátápátá. Ẹ wò ó dáadáa: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni àwọn oníṣègùn ń pè ní carbohydrate, èyí tí wọ́n kọ́ wa nílé-ìwé pé kí a máa pè ní oúnjẹ afúnnilágbára. Wọn kò tilẹ̀ ka ẹja, ẹran tàbí ẹ̀fọ́ sí oúnjẹ. Ohun tí a fi ń jẹun ni wọ́n. Ẹni tí ó bá jẹ odidi abọ́ ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹja méjì láìsí òkèlè, bí ẹ bá bi í bóyá ó ti jẹun, ó lè dá yín lóhùn pé òun kò tíì jẹun. Ní ilẹ̀ tiwa níbi tí ìkọ́kọrẹ́ ti jẹ́ ìdùnnú ilé, tí gàárì Ìjẹ̀bú kì í sì í wọ́n nínú ọ̀rá, ẹni tí ẹ bá ní kí ó dín nǹkan wọ̀nyí kù, ẹ ti ní kí ó kọ́ èdè mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni ìdí wà fún un. Nínú 100 gíráàmù gàárì gbígbẹ, ó ju 80 lọ tí ó jẹ́ oúnjẹ afúnnilágbára, èyí tí inú yóò sọ di ṣúgà. Nígbà tí ìjọba ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà ní 1992, nǹkan bí àgbàlagbà 2 nínú 100 ni wọ́n rí pé ó ní àtọ̀gbẹ, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Àpapọ̀ ìwádìí tí àwọn dókítà wa tẹ̀ jáde ní 2018 fi hàn pé ó ti lé ní 5 nínú 100. Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àtọ̀gbẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé dídín oúnjẹ afúnnilágbára kù wà lára ọ̀nà tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù fún mímú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ó sì yẹ kí n fi kún un pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n àti wíìtì, tí àwọn ará wa gbà pé aláìsàn lè jẹ bó ṣe wù ú, oúnjẹ afúnnilágbára ni àwọn náà. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n kì í yára di ṣúgà bíi ti èyí tí ó pọ́n, ṣùgbọ́n òkè àmàlà kò di ẹ̀fọ́ nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ dúdú.

Ìgbà tí ẹni náà nílò wa jù ni ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Bí oúnjẹ afúnnilágbára bá dín kù lójijì, ara a máa tu omi àti iyọ̀ dà nù nínú ìtọ̀. Orí á máa fọ́ ọ, ó á máa rẹ̀ ẹ́, òòyì lè máa kọ́ ọ, inú rẹ̀ á sì máa tètè bí. Àwọn ará ilé á ní, “Ẹ wò ó, ebi ń pa á, oúnjẹ yìí kò bá a lára mu,” tàbí kí wọ́n ní ìwà rẹ̀ ti yí padà. Kì í ṣe ìwà. Ẹni tí ó bá mọ èyí ṣáájú á fún un ní omi, á sì fi ẹnu mọ́ ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí oúnjẹ bá dín kù tí oògùn kò sì dín kù, ṣúgà lè já wálẹ̀ débi tí ènìyàn yóò fi dákú. Aboyún àti ọmọ tí ó ń dàgbà kò gbọ́dọ̀ dá irú rẹ̀ ṣe rárá. Ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti wà ní Ṣàgámù láti 1986. Kò sí ìdí tí a ó fi máa gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹni tí ó ń ta àgbo nínú mọ́tò.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ìdí ọ̀rọ̀. Ẹnì kan lè sọ pé ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní hàláàlì, ta ni yóò sọ ọ́ di harámu fún ilé odidi nítorí ẹnì kan? Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nínú hadíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, wọ́n gbé ẹran dabb, ẹranko aginjù kan tí ó jọ alángbá ńlá, wá síwájú Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nílé Maimunah, aya rẹ̀. Ó fà ọwọ́ sẹ́yìn. Khalid ọmọ Al-Walid bi í bóyá harámu ni. Ó ní rárá, pé kò sí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn òun ni, ọkàn òun kò sì fà sí i. Ni Khalid bá fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́, Ànábì ń wò ó. Ìtàn yìí wúlò púpọ̀. Ó kọ́ wa pé ènìyàn lè yẹra fún oúnjẹ láì sọ ọ́ di harámu, àti pé àwọn méjì lè jókòó ti abọ́ kan, kí ọ̀kan jẹ, kí èkejì má jẹ, láìsí ìjà.

Nítorí náà, ṣé Khalid ni àwa ará ilé? Ṣé kí á máa fà á sọ́dọ̀ ara wa, kí á máa jẹ? Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan lo ìtàn yìí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tọ́. Ohun tí ọkàn kò fà sí ni Ànábì fi sílẹ̀. Bàbá tí a ń sọ, àádọ́ta ọdún ni ó ti ń jẹ ẹ̀bà, ọkàn rẹ̀ ń fà sí i, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí ó ti ń gbọ́ ìró omorógùn. Ẹni tí kò fẹ́ràn nǹkan àti ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ tí ó sì ń kó ara rẹ̀ níjàánu kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti ẹni kejì yìí, ààwẹ̀ ni ó jọ.

Ẹ sì ronú nípa ààwẹ̀. Ènìyàn kan náà tí ó gba ọgbọ̀n ọjọ́ Ramadan láì fi bẹ́ẹ̀ ráhùn, ẹ wo bí ó ti ń fi ọjọ́ mẹ́fà inú oṣù Shawwal dọ́la, dọ́túnla. Ebi kan náà ni, òòrùn kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé nínú Ramadan gbogbo ilé ni ó ń jí sáàrì, ìdáná dákẹ́ lọ́sàn-án, ọ̀rẹ́ kì í gbé àkàrà wá fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀, àwọn kan ń jẹun nínú Ramadan: ọmọdé, aláìsàn, arìnrìn-àjò. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n má jẹ, ṣùgbọ́n a ti tò ó tí ẹnu wọn kò fi ń da ẹni tí ń gba ààwẹ̀ láàmú. Èyí ni mo rò pé a jẹ ẹni náà ní gbèsè rẹ̀. Kì í ṣe pé kí gbogbo wa fi ẹ̀bà sílẹ̀. Kí á tún ilé tò ni, kí ohun tí ó rọrùn jù láti jẹ níbẹ̀ jẹ́ ohun tí òun náà lè jẹ. Kí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú ìkòkò ju òkèlè lọ fún gbogbo ènìyàn. Kí búrẹ́dì má sùn lórí tábìlì. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ó fẹ́ jẹ iyán, kí ó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ ẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́ lójú rẹ̀.

Ní ti ìṣọ́ni, ìtàn ìlú òyìnbó kan kò kúrò lọ́kàn mi. Kí Banting àti Best tó ṣàwárí insulin ní Kánádà ní 1921, kò sí oògùn kan fún ọmọ tí ó bá ní àtọ̀gbẹ ju oúnjẹ díndínkù lọ. Dókítà Frederick Allen ní New York ni ó mú un le jù, débi tí ó súnmọ́ fífi ebi pani. Ọmọkùnrin ọdún 12 kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ tọwọ́tẹsẹ̀, síbẹ̀ ṣúgà kò kúrò nínú ìtọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ó ń jẹ ọṣẹ ìfọyín, ó sì ń jẹ ọkà tí wọ́n fi sínú àgò ẹyẹ fún ẹyẹ. Ẹ̀yin òbí, ẹ wo ibi tí ìṣọ́ni lè ti ọmọ ènìyàn dé. Bí ọmọ tí kò ríran bá lè rí oúnjẹ ẹyẹ, ṣé bàbá tí ó ní owó lápò kò ní rí búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò nínú gáréèjì? Ohun tí ìṣọ́ni ń bí ni ìfarapamọ́, ẹni tí ó bá sì ti ń fara pamọ́ jẹun kò ní sọ òtítọ́ fún dókítà mọ́.

Salman fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Nígbà tí ó rí i pé Abu Darda, tí Ànábì fi ṣe arákùnrin rẹ̀, ń fi ààwẹ̀ àti ìrun òru ni ara rẹ̀ lára kọjá ààlà, kò ránṣẹ́ ìbáwí sí i. Ó lọ sílé rẹ̀, ó jókòó ti oúnjẹ, ó ní òun kò ní jẹ àyàfi tí Abu Darda bá jẹ, ó sì sùn níbẹ̀. Ìgbà tí ó ti fi ara rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ náà ni ó tó gba ẹnìkejì níyànjú. Àwa Yorùbá ní láti kọ́ èyí, pàápàá àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ tí ó bá sọ níwájú àlejò pé, “Bàbá, ẹ̀bà yẹn ti pọ̀ jù, dókítà ti ní kí ẹ má jẹ ẹ́,” òtítọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ó ti tú bàbá rẹ̀ síhòhò. Ọmọ tí ó bá ní, “Bàbá, ẹ̀fọ́ ni èmi náà fẹ́ jẹ lálẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n bá yín jẹ,” ohun kan náà ni ó sọ. Bí bàbá bá sì ṣubú lọ́jọ́ kan, tí ó jẹ àjẹyó ìrẹsì níbi yìgì, kí ó lè padà wálé wá sọ ọ́ láìsí ẹni tí yóò pòṣé.

Àtakò tí ó wúwo jù ni ti owó, èmi kò sì ní fò ó. Àwọn àgbà ní bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, gàárì ni ó sì ń bá tálákà lé ebi jáde. Ẹja àti ẹyin wọ́n jù ú lọ. Nínú ilé tí ẹran ọmọdé kò ti tó nǹkan tẹ́lẹ̀, bí bàbá bá dín òkèlè kù tí ó sì fi ẹran kún un, abọ́ ta ni ẹran náà ti wá? Níbí ni ẹni tí à ń ràn lọ́wọ́ náà ti ní ojúṣe. Kò gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọmọ jẹ ní orúkọ àìlera. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí agbára dé: kí òkèlè di ìdajì, kí ẹ̀fọ́, ìgbá, olú àti ẹ̀pà di ìlọ́po méjì, kí ẹlẹ́rìndòdò kúrò nílé pátápátá, èyí tí ó tilẹ̀ ń pa owó mọ́. Kò sì tọ́ kí ìyàwó máa dá ìkòkò méjì nìkan gbé. Ọkọ tí ó lè jókòó dúró de ẹ̀fọ́ lè já ewé ẹ̀fọ́.

Ó ku àwọn tí ń se àríyá. Nílẹ̀ wa, ẹni tí ó bá kọ oúnjẹ, ó dà bí ẹni tí ó kọ olóúnjẹ. Kí ẹni náà má sọ pé òun kò jẹ. Kí ó gba ọbẹ̀, kí ó gba ẹja, kí ó sì fi òkèlè sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Kí olóúnjẹ náà má bú u pé ó ń ṣe fáàrí. Ní ti Iléyá, tí ó súnmọ́ etílé ní gbogbo ọdún, kò yẹ kí ìnira wà, nítorí ẹran ni ọjọ́ náà. Kí ìyá tí yóò se oúnjẹ ṣáà bi í ní alẹ́ àná ọdún pé, “Bàbá Sìkírù, kí ni kí n fi ti ẹran yín?” kí ó tó gbé ìrẹsì kaná.