Ẹni Tó Wà Nínú Ilé àti Ẹni Tó Ń Kanlẹ̀kùn

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, kò sí òǹwòran tó lè gba àwòrán mọ́ ẹlòmíràn lójú. Òpó ló ń fọ́n àwòrán káàkiri. Bí ilé mẹ́wàá ló tan ẹ̀rọ wọn, bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni, iṣẹ́ kan náà ni òpó yẹn ń ṣe. Aládùúgbò tó wá wòran ní pálọ̀ yín kò dín nǹkan kan kù nínú tiyín, àfi bóyá àyè ìjókòó. Ohun tí a kò ní nígbà náà ni àṣẹ. Aago tí wọ́n bá dá fún eré ló ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá lọ pọnmi ti pàdánù.

Lónìí, àṣẹ ti dé ọwọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù lórí fóònù ní aago méjì òru lè wò ó, kó dá a dúró kó lọ jẹun, kó tún dá a padà síbi tí ìyáálé ti ń bú ìyàwó kékeré kó lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n àṣẹ yìí ń náni lówó. Nítorí pé oníkálukú ń wo tirẹ̀ ní àkókò tirẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń fi fíìmù ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ la ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ẹgbẹ̀rún ọ̀nà. Ọ̀nà wọ̀nyí kò sì lópin ni ẹ rò? Wọ́n lópin. Níbi tí òpin bá sì ti wà, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ẹnjiníà nìkan, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́: bí ọ̀nà bá kún, ta ni kó ríran, ta ni kó dúró?

Àwọn kan gbìyànjú láti sá fún ìbéèrè náà pátápátá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, ilé-iṣẹ́ Time Warner ṣí ohun tí wọ́n pè ní Full Service Network ní ìlú Orlando, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bí 4,000 ilé ló dé. Oníbàárà á fi rìmóòtù béèrè fíìmù, á dá a dúró, á dá a padà, bí ó ṣe wù ú. Wọ́n ṣe é bí ẹni pé olúkúlùkù jẹ́ ọba tí kò ní bá ẹnikẹ́ni pín nǹkan. Àpótí tí wọ́n gbé sílé oníbàárà kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ odindi kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Owó náà kò ṣeé fara dà. Ní 1997, wọ́n kéde pé àwọn ń pa á tì. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò pọ̀: ẹni tó bá fẹ́ sọ gbogbo ènìyàn di ọba, ìlú kékeré ni yóò ti rí i ṣe.

Ìlànà kejì ni ti dídúró de ara ẹni. Ní 1994 yẹn náà, àwọn olùwádìí ilé-iṣẹ́ IBM kọ̀wé lórí rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá béèrè fíìmù kan náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn, ẹ jẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ ní sùúrù títí àwọn yòókù yóò fi dé, kí a wá fi ọ̀nà kan ṣoṣo gbé fíìmù náà fún gbogbo wọn. Danfo tó ń dúró kí èrò kún kó tó gbéra ni. Ó dára, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà kan bá ṣófo tí èrò fíìmù oríṣiríṣi sì ń dúró, ta ni kí a kọ́kọ́ gbé? Àwọn kan lè ní fíìmù tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù ni, nítorí ìyẹn ló máa tẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn lè ní ẹni tó kọ́kọ́ dé ni. Ẹ wo ohun tó fara sin sínú ìṣirò yìí. Bí a bá tẹ̀lé ti àkọ́kọ́, ẹni tó ń dúró de fíìmù tí àwọn ènìyàn díẹ̀ fẹ́, bóyá fíìmù tí wọ́n ṣe ní èdè ìlú kékeré kan, lè dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kò sí ẹni tó kórìíra rẹ̀. Ìṣirò lásán ló ń tì í sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà. Mo fara mọ́ ẹni tó kọ́kọ́ dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpapọ̀ àwọn tí yóò ríran lè dín. Iye orí kò tó láti sọ ẹnì kan di ẹni tí kì í kàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ìgbà tí ọ̀nà bá kún pátápátá, tí ẹlòmíràn sì tún dé. Ọ̀nà méjì ló wà. A lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí àwòrán àwọn tó wà nínú ilé má baà bàjẹ́. A sì lè ṣílẹ̀kùn, kí a dín àwòrán gbogbo wọn kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti dáná níbi ìnáwó mọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí àlejò bá pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ, ìyá tó ń dáná kì í lé ẹnikẹ́ni. Ẹran ló ń gé kéékèèké. Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ètò fídíò lónìí ti gba ọ̀nà ìyá yìí. Wọ́n ń ṣe fíìmù kan ní oríṣi bíi mélòó kan, èyí tó mọ́ kedere àti èyí tó ṣú, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́ oníṣẹ́jú àáyá díẹ̀, fóònù yín á sì máa mú èyí tí ọ̀nà bá gbà. Ìdí nìyẹn tí ojú òṣèré fi máa ń di ẹ̀kọ lójijì, tí yóò sì tún mọ́.

“Mo ti sanwó ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó san owó àwòrán tó mọ́ jù ní ẹ̀tọ́ sí ohun tó rà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó tà á fún un mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀nà kò lè gba gbogbo oníbàárà bí wọ́n bá dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí alájọ ni: ó mọ̀ pé gbogbo ènìyàn kò ní wá gbowó lọ́jọ́ kan náà. Èyí kì í ṣe irọ́ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣírò rẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ tí ìṣirò bá yẹ̀, ilé-iṣẹ́ ni kó dá olówó lóhùn, kó dá owó rẹ̀ padà bó bá yẹ. Kò yẹ kí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn fi ojú rẹ̀ san gbèsè náà.

Síbẹ̀, ẹran tí a ń gé kéékèèké ní ibi tó ń dé tí kò jẹ́ ẹran mọ́. Adití tó ń wo ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kò lè ka ìka tó ti di kùrukùru. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wo olùkọ́ ìṣirò kò lè mọ̀ bóyá 3 ni wọ́n kọ sójú pátákó tàbí 8. Bí a bá dín àwòrán wọn kù dé ibẹ̀, a ti tì wọ́n síta, a kàn ń ṣe bí ẹni pé wọ́n wà nínú ilé ni. Irú wọn ni mo rò pé ó yẹ kí a ya ìwọ̀n kan sọ́tọ̀ fún, kí ẹni tó ń wo eré bọ́ọ̀lù sì gbà kí tirẹ̀ ṣú sí i. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe fídíò nìkan ló ń gba ọ̀nà yìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bíi WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, àwọn báńkì ní Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó fara gbá a. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wo fíìmù àti ẹni tó ń fi owó ilé ìwòsàn ránṣẹ́ jọ ń fún ara wọn ní ọ̀nà tóóró kan ni. N kò rí ẹni tó lè sọ pé ẹ̀tọ́ wọn dọ́gba.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a kì í gbọ́. Wọ́n ti ṣe ìpín náà sínú ẹ̀rọ kí a tó tan fóònù wa, ẹni tí àwòrán rẹ̀ ṣú sì máa ń rò pé dátà òun ló kù díẹ̀. Kì í ṣe pé kò ṣeé sọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, tí àrùn Kòrónà ti gbogbo ènìyàn mọ́lé, Thierry Breton tó jẹ́ kọmíṣọ́nà nínú àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ Netflix pé kí wọ́n dín àwòrán kù, kí ọ̀nà lè gba àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé. Netflix gbà, wọ́n sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé: ọgbọ̀n ọjọ́ ni, yóò sì dín ẹrù wọn lórí ọ̀nà kù ní nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. YouTube tẹ̀lé wọn. Àwọn ará Yúróòpù mọ ohun tí wọ́n dín, wọ́n mọ ìdí rẹ̀, wọ́n mọ iye ọjọ́ tí yóò gbà, wọ́n sì mọ orúkọ ẹni tó bẹ̀bẹ̀ fún un.