Nọ́ńbà ara fíìmù

Ìgólò tiwa àti Ìdí-Ìrókò ti Nàìjíríà jọ pààlà. Ó ti pẹ́ tí fíìmù Yorùbá ti ń gba ibẹ̀ wọ ilé wa ní Ìfọ̀nyìn. Òfin 85 ti ọdún 1993 ni ó dá ìgbìmọ̀ tí ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀ ní Nàìjíríà; òun ni ó ń fi 12, 15 tàbí 18 sára fíìmù, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí ẹni tí ó yẹ kí ó wò ó. Fíìmù kọjá sọ́dọ̀ wa, àṣẹ ìgbìmọ̀ dúró sí ẹnubodè.

Kí wá ni 18 jẹ́ fún wa? Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ di ti àgbà, àwọn òbí wa a máa rán ọmọdé lọ bu omi wá. (Àwa náà mọ̀ nígbà náà pé òùngbẹ kọ́.) Ẹni tí ó rán ọmọ níṣẹ́ mọ ọmọ náà, nọ́ńbà kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún 15 kan lè wo fíìmù oògùn owó kí ó rẹ́rìn-ín, kí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìyá àgbà rẹ̀. Síbẹ̀, a kò ní kí a pa nọ́ńbà tì: ó ń kìlọ̀ fún òbí tí kò tíì wo fíìmù náà.

Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 50 tí ó gba oògùn owó inú fíìmù gbọ́, tí ó sì tìtorí rẹ̀ ń fẹ̀sùn kan aládùúgbò rẹ̀, nọ́ńbà wo ni a ó fi dá òun dúró?