Ẹni Tí Ó Dúró Ti Arúfin: Kí Ó Bò Ó Ni, Tàbí Kí Ó Sọ Ọ́?



Ìbéèrè kan ń bẹ tí ó yẹ kí ìjọ fi àdúrà gbé yẹ̀wò. Adájọ́ ṣàánú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó rú òfin. Kò rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ó fi í sí abẹ́ alábòójútó, pẹ̀lú májẹ̀mú pé kí ó jáwọ́ nínú oògùn olóró. Bí ọ̀dọ́ náà bá tún ṣubú, kí ni kí ẹni tí ó dúró tì í ṣe?

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Ìjọ wa. Ní ọdún 1876, Frederic Rainer, atẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣílè márùn-ún ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Ìjọ Áńgílíkà tí ń gbógun ti ọtí àmupara, kí a lè fi ran àwọn ọ̀mùtí tí a ń fà wá sí kóòtù lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì kóòtù ti ṣẹ̀. Òfin ọdún 1907 sì sọ ọ́ di iṣẹ́ alábòójútó tí ilé-ẹjọ́ yàn. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2019 ti fi irú àbójútó bẹ́ẹ̀ kún iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà àtúnṣe.

Àwọn kan wí pé ìfẹ́ ni kí a bò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí tramadol ti di bárakú fún, bí ó bá dá a dúró lójijì, gbogbo ara a máa ro ó, oorun a sì jìnnà sí i; ìlérí ẹnu nìkan kò lè tú ìdè yẹn. Bí ó bá sì ti pa á tì fún oṣù díẹ̀, ara rẹ̀ kò tún lè gba ìwọ̀n ti àtijọ́ mọ́: bí ó bá padà sí i, ó lè kú. Ẹni tí ó bò ó mọ́lẹ̀ dí i lọ́nà ọ̀dọ̀ oníṣègùn.

Àwọn mìíràn a fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn tán, wọn a sì tilẹ̀kùn. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi òtítọ́ lé ọmọ kúrò nílé. Àwọn àgbà wí pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra.

Nítorí náà, láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni kí ó ti sọ fún ọ̀dọ́ náà pé òun kì yóò purọ́ fún adájọ́ nítorí rẹ̀. Bí ó bá ṣubú, kí àwọn méjèèjì jùmọ̀ lọ sọ́dọ̀ alábòójútó, kí ó bá a bẹ̀bẹ̀, kí a sì mú un lọ sí ilé-ìwòsàn. Bí adájọ́ bá tilẹ̀ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n, kí ó máa bẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Ẹni tí kò múra tán láti bá a rìn dé ibẹ̀, kí ó má ṣe wí pé òun dúró tì í.

Kí Olúwa fún wa ní oore-ọ̀fẹ́. Àmín.