Ta Ni Ó Ni Orúkọ?

Àwọn àgbà a máa wí pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Eérú àti ọmọ, àwọn méjèèjì ni ó ń kù lẹ́yìn ohun tí ó ti lọ. Ṣùgbọ́n eérú kò lè jó mọ́, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì lè so èso. Nígbà tí ohun àtijọ́ bá kú, tí ohun titun sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ nínú méjèèjì? Ìlú kékeré kan ní Ítálì ti bá ìbéèrè yìí pàdé lórí pápá bọ́ọ̀lù.

Vercelli ni orúkọ ìlú náà. Ó wà láàrin Turin àti Milan, oko ìrẹsì ni ó sì yí i ká. Ẹgbẹ́ eré-ìdárayá kan tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1892, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pro Vercelli, bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù ní 1903. Láàrin 1908 àti 1922, ìgbà 7 ni ẹgbẹ́ aláṣọ funfun yìí gba ipò kìíní ní gbogbo Ítálì. Nígbà tí Ítálì bá Bẹ́ljíọ̀mù gbá bọ́ọ̀lù ní 1913, agbábọ́ọ̀lù Pro Vercelli ni 9 nínú àwọn 11 tí ó ṣojú orílẹ̀-èdè wọn.

Ṣùgbọ́n owó wọ inú eré náà, agbára sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìlú ńlá. Ní 1934, Silvio Piola, tí ó di ọ̀gá agbábọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ náà, lọ sí Lazio ní Róòmù. Ní 1935, Pro Vercelli já kúrò ní ìpele kìíní, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀, níbi tí òkìkí kì í dé. Ní 2010, ọ̀rọ̀ owó kò jẹ́ kí ó lè wọ inú ìdíje mọ́ rárá. Nígbà náà ni ẹgbẹ́ mìíràn nínú ìlú kan náà, Pro Belvedere, pa orúkọ tirẹ̀ tì, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ Pro Vercelli. Ní 2012, ẹgbẹ́ yìí gòkè lọ sí ìpele kejì, ibi tí orúkọ náà kò ti dé láti 1948.

Ẹnìkan lè sọ pé ayọ̀ ọjọ́ náà kò ní ìpìlẹ̀. Ẹgbẹ́ titun kò sí láyé ní 1908. Ògo wo ni yóò gbà lórí iṣẹ́ tí kò ṣe? Ẹni tí ó sì jogún ilé ní í jogún gbèsè ilé. Ó ha tọ́ kí a gba ẹ̀yẹ olóògbé, kí a sì fi ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀ fún un ní sàréè? Bí orúkọ bá jẹ́ ọjà tí a ń rà, àwíjàre kò sí.

Ṣùgbọ́n kí a wò ó dáradára. Kí ẹgbẹ́ àtijọ́ tó kú, kò sí ọ̀kan nínú àwọn akọni 1908 tí ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù fún un. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ti yí padà léraléra, àwọn olórí ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Ohun tí kò yí padà ni ìlú náà, àti àwọn tí ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́ lọ sí pápá nígbà tí kò sí ife-ẹ̀yẹ kankan láti retí. Àwọn ni gbòǹgbò tí ó wà nínú ilẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ẹgbẹ́ titun, kì í ṣe eérú.

Síbẹ̀, ọmọ kì í ṣa ogún jẹ. Ní 1910, nígbà tí àwọn alákòóso kọ̀ láti sún ọjọ́ àṣekágbá pẹ̀lú Inter síwájú, ìbínú mú kí Pro Vercelli fi àwọn ọ̀dọ́mọdé sórí pápá, Inter sì nà wọ́n bí ẹni ń na bàrà. Ẹni tí ó bá gba ìgbà 7 ti ògo gbọ́dọ̀ gba ọjọ́ kan yìí pẹ̀lú. Ó sì gbọ́dọ̀ rántí Belvedere. Àwọn kan fẹ́ràn orúkọ náà, ó sì pa rẹ́ kí òmíràn lè yè. A kò jogún orúkọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Olùkọ́ tí ń ka orúkọ àwọn aṣáájú ilé-ìwé rẹ̀ fún ọmọdé yóò ṣe rere bí ó bá kọ́ wọn ní èyí: kì í ṣe ẹ̀yẹ tí àwọn ará ìṣáájú gbà nìkan ni kí ọmọ béèrè, kí ó béèrè gbèsè tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ó sì wo ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ lè san níbẹ̀. Ẹni tí ó ń san án ni ó ni orúkọ.