Ta Ni Ó Ni Òkòtó?

Nígbà èwe mi, n kò ní ohun-ìṣeré tí mo fẹ́ràn tó òkòtó mi. Ìkarahun ìgbín tí ìyá mi dà sí ààtàn ni mo fi ṣe é. Mo gé ṣóńṣó rẹ̀, mo sì ha ẹnu rẹ̀ lórí òkúta títí ó fi dọ́gba. Bí mo bá fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ta á, a máa ràn títí yóò fi dà bí ẹni pé ó sùn.

Olùkọ́ mi bá a lọ́wọ́ mi nígbà ìṣirò, ó gbà á, ó sì tì í mọ́ àpótí. N kò tún fi ojú kàn án mọ́. Mo jẹ̀bi, mo sì jẹ ẹgba mẹ́fà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìdájọ́ wo ni ó sọ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe di ti ẹlòmíràn? Kí a gbà á kí ẹ̀kọ́ lè wọlé, ó tọ́. Bí ẹ̀kọ́ bá parí tí a kò dá a padà ńkọ́? Bí ó bá ṣe láàárín àgbà ni, a mọ orúkọ tí à bá pè é. Ẹnìkan lè wí pé ìkarahun lásán ni, kò tó kọ́bọ̀ kan. Ọmọdé kì í fi owó díwọ̀n. Ọjọ́ tí ó fi ha á ni ó ń kà.

N kò dá ara mi láre. Nígbà tí èmi náà di olùkọ́, ọmọ kan wá bá mi ní ìparí sáà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òkòtó mi." Mo ṣí àpótí mi. Òkòtó kún inú rẹ̀, n kò sì mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀. Ọmọ náà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó na ọwọ́, ó mú tirẹ̀.