Oore Igún Lórí Òkun

Bí ènìyàn bá ṣe oore tí a sì fi ibi san án fún un, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó pinnu pé òun kò ní ṣe oore mọ́? Ìtàn ọkọ̀ Laconia gbé ìbéèrè yìí ka iwájú wa.

Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1942, U-156, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì, rì Laconia ní Òkun Àtìláńtíìkì. Ọkọ̀ èrò Gẹ̀ẹ́sì ni, tí ogun ti sọ di ọkọ̀ ológun. Nǹkan bí 2,700 ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, obìnrin àti ọmọdé pẹ̀lú. Nǹkan bí 1,800 nínú wọn jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun, ará Ítálì, ìlú tí ó ń bá Jámánì jagun pọ̀ nígbà náà. Nígbà tí Werner Hartenstein, ọ̀gá U-156, gbọ́ igbe wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ènìyàn yọ nínú omi, ará Ítálì àti Gẹ̀ẹ́sì bákan náà. Ó kéde lórí rédíò pé òun kò ní bá ọkọ̀ tó bá wá ṣe ìrànlọ́wọ́ jà, bí wọn kò bá ti bá òun jà. Ìjọba Faransé ti Vichy rán ọkọ̀ láti Dakar, láti Conakry, àti láti Kútọnu tiwa níhìn-ín.

Ní ọjọ́ 16, bàálù Amẹ́ríkà kan dé. Àsíá Àgbélébùú Pupa wà lórí U-156, síbẹ̀ bàálù náà ju àdó olóró, ó sì pa nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ìgbàlà. Hartenstein tú okùn àwọn ọkọ̀ ìgbàlà náà, ó dá àwọn tó wà lórí ọkọ̀ rẹ̀ padà sómi, ó sì wọ abẹ́ omi lọ. Ní ọjọ́ kejì, Karl Dönitz, ọ̀gá gbogbo ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe gba èrò ọkọ̀ tí wọ́n bá rì là mọ́.

Àwọn kan yóò béèrè pé: ẹni tó tì wá ṣubú sódò, tó tún na ọwọ́ sí wa, a ó ha dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí? Òótọ́ ni pé ọwọ́ tó nà kò pa ohun tó ṣe rẹ́: ó lé ní 1,600 ènìyàn tó kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà tọ́, ẹni yòówù kó ni ín.

Àwọn àgbà ní igún ṣoore, igún pá lórí. Ìráhùn ni ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àgbà. Dönitz sọ ọ́ di òfin. Níbẹ̀ ni àṣìṣe wà. Bàálù ló ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò máa rì sómi lọ́la, tí kò mọ nǹkan kan nípa bàálù, ni àṣẹ náà ní kí ó san gbèsè. Oore kì í ṣe owó tí a yá ayé, tí a ó dáwọ́ rẹ̀ dúró nítorí onígbèsè kan sá lọ. Ẹni tó wà nínú ewu ni a jẹ ẹ́.

Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ẹni tí a kò san owó rẹ̀ fún a ní òun kò ní yá ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí àlejò kan jà lólè a ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo àlejò. Kí a ṣọ́ra, ọgbọ́n ni. Kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan jẹ ẹlòmíràn níyà, kì í ṣe ọgbọ́n.

Lẹ́yìn àdó olóró náà, àwọn ọkọ̀ Faransé dé ibẹ̀. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tó yè.